Durham Bulls àti Charlotte Knights: pápá ta ni kí ẹ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà?

Ní North Carolina, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù méjì ló wà ní Triple-A, ìyẹn ipele tó kẹ́yìn kí èèyàn tó wọ líìgì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Durham Bulls ni ọ̀kan, Charlotte Knights ni ìkejì. Líìgì kan náà ni wọ́n wà, International League, wọ́n sì máa ń kojú ara wọn láàárín ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ní Raleigh, Durham, Greensboro tàbí Charlotte ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá wọn kọjá tipẹ́ láìwọlé rí. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé lọ́dún yìí, tí àwọn méjèèjì sì fẹ́ pàdé ní oṣù kẹrin, ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀: pápá ta ni kí ẹ lọ, ta sì ni kí ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ eré yìí dénú, kó lọ sí Durham. Ẹni tó bá fẹ́ gbafẹ́, tó fẹ́ rí bọ́ọ̀lù tó ń fò kọjá ògiri, kó lọ sí Charlotte. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi tábìlì líìgì pinnu, kó ní sùúrù di oṣù kẹfà, nítorí tábìlì oṣù kẹrin kò tíì mọ nǹkan kan.

Ta ló ni àwọn eléré gan-an?

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ rú àwa tí Premier League tọ́ dàgbà lójú nìyí. Bulls kò lè gbéga wọ líìgì ńlá láéláé, ì báà jẹ́ pé wọ́n borí nínú gbogbo eré 150 tí wọ́n ń gbá lọ́dún. Knights náà kò lè já sísàlẹ̀ torí pé wọ́n pàdánù. Ẹgbẹ́ ńlá kan ló wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Tampa Bay Rays ló wà lẹ́yìn Durham láti 1998, Chicago White Sox ló wà lẹ́yìn Charlotte láti 1999. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín yàtọ̀ sí ẹni tó ni àwọn eléré. Ní Durham, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kan ní Raleigh, Capitol Broadcasting Company, ló ni ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Tampa ló ń san owó àwọn eléré àti kóòṣì, Tampa ló sì ń pàṣẹ ẹni tó máa gbá, ibi tó máa dúró sí, àti iye bọ́ọ̀lù tó gbọ́dọ̀ jù kó tó lọ jókòó.

Ìdí nìyẹn tí bíborí kì í fi í ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ níbí. Ẹ wo owó rẹ̀. Nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, eléré Triple-A tí owó rẹ̀ kéré jù gba $35,800 lọ́dún náà. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ní líìgì ńlá gba $720,000. Bí fóònù bá dún ní àárọ̀ pé kí ẹnì kan máa bọ̀ ní Tampa tàbí Chicago, kò ní bèèrè ẹni tó máa dípò òun lálẹ́. Á ti di ẹrù rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i ká pé ẹni báyìí ló máa jù bọ́ọ̀lù fún Knights lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ gbà á bí ìlérí olóṣèlú, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà ṣe máa ń ṣí láti òkè wá sísàlẹ̀. Gbajúmọ̀ eléré tó ń gbàtọ́jú ara lè wá gbá ọjọ́ díẹ̀ ní Durham tàbí Charlotte kó tó padà sókè. Òfin fún ẹni tó ń lu bọ́ọ̀lù ní 20 ọjọ́ fún irú ìgbádánwò bẹ́ẹ̀, ó sì fún ẹni tó ń jù ú ní 30. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn tó farapa ní oṣù kejì àti ìkẹta ń padà bọ̀, ẹ lè fi owó tíkẹ́ẹ̀tì kékeré rí ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá dọ́là.

Orúkọ àti ìtàn

Lórí èyí, Durham kò lẹ́gbẹ́. Láti 1902 ni ìlú náà ti ní ẹgbẹ́. Tobacconists ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é nítorí pé tábà ló sọ Durham di ìlú, kí wọ́n tó sọ ọ́ di Bulls ní 1913. Joe Morgan gbá níbẹ̀ ní 1963, Chipper Jones ní 1992, àwọn méjèèjì sì ti wà ní Hall of Fame báyìí, ìyẹn ilé ọlá àwọn àgbà eléré bésíbọ́ọ̀lù. Fíìmù Hollywood kan tó jáde ní 1988 ló wá gbé orúkọ ẹgbẹ́ náà kárí ayé, débi pé ẹni tí kò wo eré yìí rí mọ Bulls. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lábẹ́ Rays, wọ́n ti gba ife gbogbogbòò Triple-A ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. 2009, 2017 àti 2022 wà lára rẹ̀.

Ti Charlotte kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ní ipele yìí. Ọdún 1993 ni wọ́n wọ Triple-A, lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá Cleveland nígbà náà, wọ́n sì gba ife líìgì lọ́dún náà gan-an pẹ̀lú Jim Thome àti Manny Ramirez tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n tún gbà á ní 1999. Láti ìgbà náà, ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kún.

Mi ò sọ pé kí ẹ torí èyí yan Durham o. Ife 2022 kò ní lu bọ́ọ̀lù kankan fún wọn lọ́dún yìí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni irú ilé tí òbí wọn ń kọ́. Rays kì í náwó bí àwọn ẹgbẹ́ New York tàbí Los Angeles. Ọmọ tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn tọ́ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ dé World Series, ìdíje àṣekágbá líìgì ńlá, ní 2008 àti 2020. Nítorí náà, wọn kì í kánjú. Ẹni tó yẹ kó ti lọ lè tún wà ní Durham ní oṣù kẹrin, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ dáadáa. Ní ti White Sox, eré 121 ni wọ́n pàdánù nínú 162 ní 2024, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan ní sànmánì òde òní tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilé tó wó ni wọ́n ń tún kọ́. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, àyè ṣófo lókè, ọmọ tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì lu bọ́ọ̀lù dáadáa ní Charlotte lè má wà níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá dé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rí ọmọ Knights kan pàtó, ẹ tètè lọ.

Pápá méjèèjì

Ibí ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù, ibí náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé ìpinnu yín lé.

Pápá Durham ṣí ní 1995, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe sìgá Lucky Strike tẹ́lẹ̀, tó ti di ọ́fíìsì àti ilé oúnjẹ báyìí. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ láti bá àwọn ilé tábà yẹn mu. Igun òsì rẹ̀ kò jìnnà rárá, ẹsẹ̀ bàtà 305 péré láti ibi tí alubọ́ọ̀lù dúró sí, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ògiri aláwọ̀ búlúù kan dúró níbẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 32. Blue Monster ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù tó le, tó lọ tààrà tí kò ga, tí ì bá di home run níbòmíràn, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri, ògiri yìí á dá a padà sínú pápá. Ẹni tó wà níbi ògiri á he é, á jù ú padà, ẹni tó lù ú á sì dúró ní béèsì kejì, ìdajì ọ̀nà tó yẹ kó sá yí ká, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Lókè ògiri náà ni akọ màlúù onípákó kan wà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹni tó bá lu bọ́ọ̀lù bà á yóò gba ẹran steak, ẹni tó bá bà koríko ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gba sàláàdì. Bí ọmọ Bulls bá gbá home run, ojú màlúù náà á pọ́n, ìrù rẹ̀ á máa jù, èéfín á sì máa tú jáde ní ihò imú rẹ̀. Àwọn ọmọdé kì í wo ibòmíràn títí èéfín náà á fi tán. Fíìmù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ti rí màlúù yìí: àwọn tó ṣe fíìmù ló gbé e wá sí pápá àtijọ́, ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kò jẹ́ kó lọ.

Ti Charlotte yàtọ̀ pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2013, Knights kò sí ní Charlotte rárá. Fort Mill, lódì kejì ààlà ní South Carolina, ni wọ́n ti ń gbá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n ṣí pápá tuntun sáàárín ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Romare Bearden Park, níbi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ọ̀pọ̀ báǹkì. Truist Field ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Lọ́dún tí wọ́n ṣí i, èrò tó wọlé lé ní 680,000, kò sì sí ẹgbẹ́ minor league kankan, ìyẹn àwọn líìgì tó wà lábẹ́ líìgì ńlá, tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Bí ẹ bá jókòó lẹ́yìn ibi tí alubọ́ọ̀lù dúró sí, àwọn ilé gogoro ìlú náà ni ẹ máa rí níwájú yín, iná wọn á sì máa tàn díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú. Mi ò rí pápá minor league tí ìwòran rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀, tí mo bá ní kí n sòótọ́.

Ṣùgbọ́n nítorí pé àárín ìlú ni, ilẹ̀ rẹ̀ há. Igun ọ̀tún kò ju ẹsẹ̀ bàtà 315 lọ, ògiri ibẹ̀ kò sì ga bí ti Durham. Home run máa ń pọ̀ níbẹ̀ débi pé ajubọ́ọ̀lù tó bá mọ nǹkan tó ń ṣe kì í fẹ́ kí bọ́ọ̀lù kankan gòkè. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń ka ìṣirò àwọn eléré. Ọmọ Knights tó ti gbá home run mẹ́fà ní oṣù kẹrin lè dáńgájíá lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pápá ló ràn án lọ́wọ́. Ẹ wo iye tó gbá nígbà tí wọ́n rìnrìn àjò. Ajubọ́ọ̀lù Charlotte tí ìṣirò rẹ̀ burú díẹ̀ náà, ẹ má tètè bú u.

Oṣù kẹrin tún ní tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń wúwo ju èyí tó gbóná lọ, bọ́ọ̀lù kì í fò jìnnà nínú rẹ̀. Èyí tó máa jáde ní Charlotte ní oṣù keje lè kú sí ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ògiri ní alẹ́ oṣù kẹrin. Bí home run ni ẹ bá lọ wò, ẹ yan eré ọ̀sán. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ mú aṣọ òtútù dání. Bó ti wù kí oòrùn mú lọ́sàn-án, bó bá di abala keje lálẹ́, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rán yín létí.

Àwọn tó ń jù bọ́ọ̀lù

Fún ẹni tó jẹ́ àlejò: abala mẹ́sàn-án ni eré kan, nínú abala kọ̀ọ̀kan ẹgbẹ́ kan máa lu bọ́ọ̀lù títí mẹ́ta nínú wọn á fi kú, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nínú eré ọmọdé, kí ìkejì tó gba igi. Ẹni tó bá yí gbogbo béèsì ká tó sì padà sílé gba àmì kan. Ìyẹn ti tó láti fi jókòó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ajubọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré kì í pẹ́. Apá rẹ̀ kò tíì le tán, ẹgbẹ́ ńlá kò sì fẹ́ kó fọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bó bá dé abala kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ì báà máa ṣe dáadáa bí iná, wọ́n á ní kó wá jókòó. Ìdajì eré tó kù di ti àwọn arọ́pò. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nìkan sọ ẹni tó máa borí, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ẹ wo iye arọ́pò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti lò láàárín ọjọ́ méjì ṣáájú. Àwọn ẹgbẹ́ yìí máa ń gbá eré mẹ́fà léra wọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí dé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ni ìsinmi. Bí eré Ọjọ́rú bá gùn, tí arọ́pò mẹ́fà wọlé, ọwọ́ á ti rẹ wọn ní Ọjọ́bọ̀, àmì á sì pọ̀.

Eré mẹ́fà léra wọn tún fún yín láǹfààní kan: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Triple-A ló ń fún ajubọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ kan láàárín eré kan sí èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ẹ fẹ́ rí máa ń jù lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Bí ó bá ti jù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ má retí rẹ̀ ní Àbámẹ́ta.

Ní ti èmi, mo fẹ́ràn ajubọ́ọ̀lù Durham ju ti Charlotte lọ. Rays ti fi ọ̀pọ̀ ọdún hàn pé wọ́n mọ bí a ṣe ń kọ́ ajubọ́ọ̀lù. David Price àti Blake Snell gba Durham kọjá, àwọn méjèèjì sì gba Cy Young, àmì ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún, nígbà tí wọ́n wà ní Tampa.

Kọ̀ǹpútà tó ń dájọ́

Ohun kan wà tí ẹ máa gbádùn ní pápá méjèèjì. Bí alubọ́ọ̀lù bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan kọjá, tí rẹfirí dájọ́ bóyá ó gba inú àpótí, ìyẹn àyè tó yẹ kí ajubọ́ọ̀lù jù ú sí, tí ẹni tó yẹ kó lù ú, ẹni tó jù ú tàbí ẹni tó gbá a mú kò bá fara mọ́ ọn, yóò fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Gbogbo pápá á dákẹ́, ère bọ́ọ̀lù náà á hàn lórí bọ́ọ̀dù ńlá bó ṣe ń bọ̀, á sì dúró nínú àpótí tàbí létí rẹ̀. Bí irun orí ni ìyàtọ̀ máa ń jẹ́ nígbà míì. Ẹni tó bá jàre, iye ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè pe rẹfirí níjà kò dín. Ẹni tó bá jẹ̀bi, ọ̀kan ti lọ. Triple-A ni wọ́n ti fi dánra wò fún ọdún mélòó kan kí líìgì ńlá tó gbà á. Ẹni tó bá ti wo VAR rí máa jowú: láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ti parí.

Ìrìn àjò

Ọ̀nà I-85 ló so ìlú méjèèjì pọ̀, nǹkan bíi máìlì 140. Ẹni tí kò fẹ́ wakọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Piedmont tó ń lọ láti Raleigh sí Charlotte, tó sì ń dúró ní Durham. Ibùdókọ̀ Durham sún mọ́ pápá débi pé ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ti Charlotte kò rí bẹ́ẹ̀; North Tryon ló wà, ẹ máa nílò bọ́ọ̀sì tàbí Uber wọ àárín ìlú. Bí ẹ bá wakọ̀, Durham ló rọrùn jù láti rí ibi gbé e sí. Ní Charlotte, ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé pápá Panthers, ẹgbẹ́ fútúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kò jìnnà síbẹ̀, bí eré tàbí ayẹyẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí á fò sókè.

Ta ni mo fọwọ́ sí?

Bí Durham bá ni pápá, mo fọwọ́ sí Bulls, mi ò sì retí àmì púpọ̀ lálẹ́ oṣù kẹrin. Bí Charlotte bá ni pápá, mi ò fọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé eré ọ̀sán ní Truist Field máa ní home run, àti pé ẹni tó ń fi àmì mẹ́ta ṣíwájú ní abala kejì kò tíì rí nǹkan kan.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń bi mí bóyá ọmọ tiwa wà nínú ẹ̀. Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Canada, gbìyànjú rẹ̀: Milwaukee Brewers, ẹgbẹ́ líìgì ńlá kan, yàn án ní ìyípo kẹrin ní 2015 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọmọ tuntun, ó sì gbá ọdún mélòó kan ní minor league. Kì í ṣe Bulls tàbí Knights ló gbà á, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀nà náà kò dí mọ́ wa.

Bí ẹ bá ní ọmọdé, Durham, ọjọ́ Àìkú, lápá òsì níbi tí wọ́n á ti rí màlúù. Bí ẹ bá ní àlejò láti ìlú òkèèrè tí ẹ fẹ́ fi Charlotte hàn án, Charlotte, ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ dúró títí dé ìgbà tí wọ́n á yin iná ojú ọ̀run. Bí òjò bá dí eré lọ́wọ́, wọ́n sábà máa ń gbá méjì lọ́jọ́ kan láti fi dí i, abala méje péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá ọ̀kan lè wo méjèèjì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, irú ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì gbé oúnjẹ jẹ kí ẹ tó jáde nílé.